Ta Ló Ní Kí Òbí Nìkan Máa Dá Ra Kérésì?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí àwọn òbí ń ná sórí ọmọ nígbà Kérésì, ẹ má bi òbí. Bàbá á dín in kù nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́, ìyá á fi kún un nítorí pé aládùúgbò ń gbọ́. Télọ̀ ni kí ẹ bi. Àwa la ń fi téèpù wọn ọmọ. A mọ ẹni tó san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà, a mọ ẹni tó san ìdajì, tó ní ìyókù di ìgbà tí àjọ bá kan òun, a sì mọ ẹni tí aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣì kọ́ sára ògiri wa ní oṣù Kejì, tí a ò lè sọ̀rọ̀ nítorí pé kànga kan náà la jọ ń fà.

Òkèrèwè ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nínú Ifẹ̀ níbí, lójúde agbo-ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí. Aṣọ ọmọdé ni mo ń rán jù. Owó iṣẹ́ oṣù Kejìlá ló ń bá mi san owó ilé-ìwé ní oṣù Kìíní, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú aṣọ ọdún. Bí ẹ bá jáwọ́, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni ebi máa pa. Ọ̀rọ̀ tèmi kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń sọ lórí rédíò lọ́dọọdún, pé kí òbí rọra náwó, kí wọ́n rántí pé oṣù Kìíní gùn. Ta ni kò mọ̀ pé oṣù Kìíní gùn? Ohun tí mo rí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni pé ìnáwó Kérésì ọmọdé kò ju ohun tí àdúgbò lè gbé lọ. Bàbá kan àti ìyá kan ló ju agbára wọn lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá kan àti ìyá kan kọ́ ló ń gbé e.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, oko rẹ̀ wà lọ́nà Ìfẹ́wàrà. Ẹni tó bá mọ Ifẹ̀ mọ̀ pé àkókò tó dáa ni Kérésì bọ́ sí fún wa. Láti oṣù Kẹwàá títí dé oṣù Kejìlá ni kòkó máa ń pọ̀ jù. Wọ́n á ká a, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á fi ewé bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sá a, wọ́n á wọ̀n ọ́n fún àwọn tó ń rà á. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, owó ti wọ ìlú. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo owó kòkó yẹn, ohun tí bàbá mi ń rà fún ọmọ kò ju méjì lọ: aṣọ kan, bàtà kan. Ìgàn aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa rà fún gbogbo ọmọ inú ilé, wọ́n á fi rán ṣẹ́ẹ̀tì fún ọkùnrin, wọ́n á fi rán gáùn fún obìnrin, bí a bá tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ẹ ó rò pé ilé-ìwé kan náà la ti ń bọ̀. Télọ̀ á rán an tóbi, á sì ká etí rẹ̀ sínú dáadáa kí wọ́n lè tú u sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Aṣọ yẹn la máa wọ̀ lọ́jọ́ Kérésì, òun la máa wọ̀ lọ́jọ́ ọdún tuntun, òun náà la máa wọ̀ ní Àjíǹde. Bàtà rọ́bà ni bàtà náà. Ó máa ń pariwo bí a bá ń rìn, inú wa sì máa ń dùn sí ariwo náà.

Ìyókù Kérésì wa, òde ló ti ń wá. Ìyá mi á se ìrẹsì, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á ti gbé àwo káàkiri. Àwo ti Ìyá Alákàrà, àwo ti baálé agbo-ilé, àwo ti Àlàájà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, ẹni tí ẹran Iléyá rẹ̀ kì í fo ilé wa, àwo ti tíṣà àjèjì kan tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa tí kò tíì níyàwó. Àwo kì í padà lófìfo. Àlàájà á fi náírà kan sí i, Ìyá Alákàrà á fi kọ́bọ̀ tó ti ń kó jọ sínú agolo sí i, tíṣà á fi bísíkíìtì sí i, baálé á kọ́kọ́ bi wá ní orúkọ gbogbo wa bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí, kí ó tó tọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kejì, ìyẹn Bọ́síìndéè, a ó lọ kí àwọn ìbátan ní Ìlódè, ní Mọ̀ọ̀rè, ní Ìrẹmọ. A ó kúnlẹ̀, wọ́n á gbàdúrà títí orúnkún á fi máa dùn wá, wọ́n á sì ki owó bọ̀ wá lọ́wọ́. Owó yẹn la fi ń ra ohun tí ọmọdé ń pè ní Kérésì gan-an: awò dúdú onírọ́bà, aago ọwọ́ tí kì í ṣiṣẹ́, bàlúùnù, ìbọn olómi, àti bàǹgà tí ọlọ́pàá kò fẹ́ràn láti ìgbà náà títí di òní. Bàbá mi kò ra awò dúdú fún mi rí. Òkèrèwè ló rà á.

Ẹnìkan lè sọ pé kò sí ìyàtọ̀, pé bí Ìyá Alákàrà ṣe fún mi lówó ni ìyá mi náà fún ọmọ tirẹ̀, pé owó kan náà ló ń yí po. Rárá o. Tíṣà yẹn kò lọ́mọ, baálé ti dàgbà kọjá ẹni tó ní ọmọ kékeré, Àlàájà kì í ṣe Kérésì. Gbogbo wọn ló ń dá sí i. Bí òjò kò bá rọ̀ dáadáa lọ́dún kan tí kòkó bàbá mi kò so, awò dúdú mi kò yẹ̀, nítorí pé kì í ṣe inú kòkó bàbá mi ló ti jáde. Èyí tó wá jọ mí lójú jù lọ ni pé nínú gbogbo ọmọ tó wà ní ojúde wa, kò sí ẹyọ kan tó lè fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọn àpò bàbá rẹ̀. Ọmọ ẹni tó ní oko mẹ́ta wọ awò onírọ́bà, ọmọ alágbàṣe wọ awò onírọ́bà. Ọmọ alágbàṣe gan-an lè ní owó jù, bí ẹnu rẹ̀ bá dùn láti kí àgbàlagbà.

Lónìí, òbí ń ra aṣọ, ó ń ra bàtà, ó ń ra awò, aago, ohun ìṣeré, kéèkì, ó ń sanwó kí wọ́n gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fò lórí rọ́bà afẹ́fẹ́. Òun nìkan. Àwọn ọmọ sì ti mọ̀ pé òun nìkan ni, nítorí náà òun nìkan ni wọ́n ń wò lójú.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ló yí padà. Ìbẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Gbogbo ìyá tó tọ́mọ láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ló ti sọ ọ́ fún ọmọ pé kó má gba nǹkan jíjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọmọ tí kò sì lè gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bóo ló ṣe fẹ́ gbé àwo lọ? Àwọn tó rọ́wọ́ mú kúrò ní agbo-ilé, wọ́n lọ kọ́lé síta, wọ́n fi géètì sí i. Ó ní ohun tó jẹ́ ti Ifẹ̀ nìkan pẹ̀lú. Ìyá mi ní ọ̀rẹ́ kan ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n jọ ń ná ọjà ni, àwo wọn máa ń ré kọjá síra wọn lọ́dọọdún. Nígbà tí ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní 1997, tí kò sì rọlẹ̀ títí di 2000, ta ló fẹ́ rán ọmọ kọjá? Nígbà tí àlàáfíà dé, àwọn ìyá méjèèjì tún ń kí ara wọn, wọ́n tiẹ̀ sunkún níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé. Àwo kò bẹ̀rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ tó ń gbé e ti dàgbà, kò sì sẹ́ni tó rán àwọn tó tẹ̀ lé wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí òbí tó dá wà lè ṣe nítorí Kérésì, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí 2015. Oṣù Keje ọdún náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdajì owó oṣù fún òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpele kejìlá sókè. Àwọn tó wà ní ìpele kẹjọ sí ìkẹwàá ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó sì bẹ́ẹ̀ lọ títí wọ 2018. Mo rò pé ṣọ́ọ̀bù mi á dá páropáro ní oṣù Kejìlá yẹn. Kò dá. Tíṣà àti òṣìṣẹ́ kánsù ló kún inú rẹ̀, àmọ́ wọn ò gbé aṣọ tuntun wá. Aṣọ tiwọn ni wọ́n ń gbé wá kí n gé e fún ọmọ. Ìyá kan gbé léèsì tó wọ̀ nígbà tó sìnkú ìyá rẹ̀ wá. Mo gé gáùn ọmọ ọdún márùn-ún jáde nínú rẹ̀, ó sì ṣẹ́ èyí tó tó fìlà àbúrò rẹ̀ kù. Bí mo ṣe ń fi sísọ́ọ̀sì la aṣọ yẹn, obìnrin náà jókòó, ó kọjú sí títì. Ọmọ rẹ̀ kò mọ̀. Ní ọjọ́ Kérésì ó gbé gáùn náà wá hàn mí, ó ní mọ́mì òun ra aṣọ tuntun fún òun. Mo ní mo rí i, ó rẹwà. Àmọ́ mo bi ara mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé nínú gbogbo wa tí a mọ̀ pé ìdajì owó ni obìnrin yẹn ń gbà, ta ló fi àwo ìrẹsì kan ránṣẹ́ sí i?

Ọ̀rọ̀ ti ilé-ìwé ló ń bí mi nínú. Ẹ ó rí lẹ́tà kékeré kan nínú báàgì ọmọ ní ìparí oṣù Kọkànlá: owó pátì, owó láti rí Bàbá Kérésì, àti pé kí òbí di ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ọmọ sí i lára, kí ó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì láìjẹ́ kí ọmọ rí i. Ní ọjọ́ pátì, Bàbá Kérésì á pe orúkọ, ọmọ á jáde, á gba ohun tí bàbá rẹ̀ rà. Mo mọ aṣọ pupa yẹn dáadáa, èmi ni mo rán ọ̀kan fún ilé-ìwé kan; òwú la fi ṣe irùngbọ̀n, ọkùnrin tó wọ̀ ọ́ sì làágùn débi pé irùngbọ̀n náà ṣí kí wọ́n tó pe orúkọ dé ìdajì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Òbí sanwó ẹ̀bùn, ó tún sanwó kí ẹlòmíràn bá òun fi í fún ọmọ òun, ọmọ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń já bọ́. Èyí tí kò dùn un rò ni pé ìwé ìtàn kan ló jáde fún ọmọ kan, kẹ̀kẹ́ sì jáde fún ọmọ tó tẹ̀ lé e. Bàbá Kérésì kan náà ni. Kí ni ọmọ oníwèé máa rò nípa ara rẹ̀? Ó ti gbọ́ pé ọmọ dáadáa ni Bàbá Kérésì ń fún ní nǹkan.

Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń wọ aṣọ pupa yìí, Bíṣọ́ọ̀bù Nicholas ti ìlú Myra, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó ju owó wọ ilé ọkùnrin tálákà kan lóru nítorí àwọn ọmọbìnrin ọkùnrin náà mẹ́ta. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Òru ló sì lọ kí wọ́n má bàa mọ̀. Àwọn amòye tó ti ìlà-oòrùn wá pẹ̀lú, èyí tó wà nínú Mátíù orí kejì, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n gbé wúrà, tùràrí àti òjíá fún. Nínú gbogbo ìtàn Kérésì, n kò tíì rí ibi tí Jósẹ́fù ti lọ yáwó láti fi ra nǹkan ìṣeré.

Ìyáwó ti wà. Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni òṣìṣẹ́ ń lọ bá, orí tábìlì ni wọ́n sì ti máa bi í pé kí ló fẹ́ fi owó ṣe, ojú á tì í láti sọ pé kẹ̀kẹ́ ọmọ ni. Nísinsìnyí, orí fóònù ni wọ́n ti ń yá a, kò sẹ́ni tó bi í léèrè, àfi ìgbà tí ọjọ́ bá pé tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ èébú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí èmi náà rí, nípa kọ́sítọ́mà mi kan tí mo ń bọ̀wọ̀ fún. Mo pa á rẹ́ kíákíá bí ẹni pé èmi ni mo jẹ gbèsè.

Owó tó ń wọlé kò sì bá ọjà dọ́gba. Ìjọba Ọ̀ṣun gbé owó oṣù tó kéré jù lọ sí 75,000 náírà ní oṣù Kejìlá 2024. Ó dára, ìjọba àpapọ̀ gan-an kò kọjá 70,000 nígbà náà. Àmọ́ ní oṣù Kejìlá yẹn kan náà, àpò ìrẹsì kan ń bá 100,000 náírà fà á ní ọ̀pọ̀ ọjà. Lóṣù náà, ẹni tó ń gba 75,000 kò lè fi owó oṣù kan ra àpò ìrẹsì kan, ẹ wá ń bi í pé aago ọmọ dà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹni tí owó ya wọ ilé rẹ̀ wà. Oṣù Kejìlá 2024 náà ni owó kòkó lágbàáyé gòkè kọjá 12,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, ó ga débi tí kò dé rí. Mo rí àgbẹ̀ tó kó gbogbo ọmọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tó ní kí n rán méjì-méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó sì kó owó lélẹ̀ kí n tó fa téèpù yọ. Kí Kérésì 2025 tó dé, owó kòkó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì, àwọn ọmọ náà ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọjà àgbáyé. Méjì-méjì ni wọ́n ń retí. Àwọn tó ní ará lókè òkun náà wà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn tí ọmọ ẹni fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù ti di owó ńlá nílé. Àbúrò bàbá fi tábúlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ọmọ kan ní agbo-ilé wa. Ọmọ kan ló ni ín, ojú mọ́kànlá ló ń wò ó, òbí àwọn ojú mẹ́wàá tó kù kò sì sùn dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. N kò bú ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó tábúlẹ́ẹ̀tì kan á ra awò dúdú fún gbogbo ọmọ Òkèrèwè, á sì ṣẹ́ owó bàlúùnù kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ga jù ni Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, wọ́n kéde pé àjọ̀dún ọmọdé máa wáyé ní Islamic High School tó wà ní Baṣọ̀run, pé ẹ̀bùn á wà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí òbí àti ọmọ ti kún ẹnu géètì. Èèyàn ya lu ara wọn. Ọmọ márùndínlógójì ló kú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ 21, èèyàn tún kú níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ Kérésì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Máítámà l'Ábùjá, àti ní Òkíjà ní ìpínlẹ̀ Anámbra. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo gbọ́ tí àwọn kọ́sítọ́mà mi ń bú àwọn òbí Ìbàdàn nínú ṣọ́ọ̀bù mi: irú ìyá wo ló ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀? Mo dáwọ́ ẹ̀rọ dúró. Ìyá tí kò lówó tí yóò fi ra Kérésì ni, tó sì gbọ́ pé wọ́n ń fi Kérésì fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ níbì kan. Èmi náà ì bá lọ. Ẹ̀bùn tó yẹ kó ti ẹgbẹ̀rún ojúlé jáde, tí ọmọ ì bá máa gbà á ní ìwọ̀nba láti ilé kan sí èkejì, ẹnu géètì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti lọ ń dúró dè é. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní Ìbàdàn fi bísíkíìtì kan sínú àwo ọmọ tó wá kí wọn, ta ló máa jí ní òru nítorí ẹ̀bùn?

Kí ẹ má bàa rò pé gbogbo nǹkan ló ti bàjẹ́, àjọ ṣì wà. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ń dá àjọ ìrẹsì àti òróró láti oṣù Kejì, àwọn ọkùnrin ń dá ti màlúù, ní ọ̀sẹ̀ Kérésì wọ́n á pa á, wọ́n á pín in lórí ewé. Mo gbọ́ pé ní Bírítéènì pàápàá, tálákà máa ń fowó pa mọ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí Kérésì ọmọ. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Farepak ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ náà dojú dé ní oṣù Kẹwàá 2006, owó àwọn ènìyàn tó lé ní 100,000 sì há sí i, nígbà tí Kérésì ku oṣù méjì. Alájọ tiwa náà máa ń sá nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n a mọ ilé ìyá rẹ̀. Mo mú àjọ wá sọ nítorí pé ó fi hàn pé a ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń jọ gbé nǹkan. Oúnjẹ la jọ ń gbé. Nígbà tó bá kan ti ọmọ ni kálukú á wọlé, á tilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlérí kún un, nítorí pé láti inú rẹ̀ ni ìnáwó mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá ti ń wọ táàmù kìíní ni òbí á ti sọ pé bó bá ṣe ipò kìíní, òun á ra báyìí fún un ní Kérésì. Ọmọ Ifẹ̀ ló yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Létí odò Ẹ̀sìnmìrìn, Mọremí jẹ́jẹ̀ẹ́ kí ó tó mọ iye tí wọ́n máa bèèrè, a sì ń ṣe ọdún Ẹdì títí di òní. Mo ti rí bàbá tó wá sọ fún mi pé kí n bá òun rán aṣọ méjì sí ọ̀kan kí ọmọ lè gbàgbé kẹ̀kẹ́. Ọmọ kì í gbàgbé kẹ̀kẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé wa dá owó Bàbá Kérésì dúró, tàbí bí wọn ò bá lè dá a dúró, kí wọ́n má ṣe kọ orúkọ sára ẹ̀bùn mọ́. Kí wọ́n ra nǹkan kan náà fún gbogbo ọmọ, ìbáà ṣe pẹ́ńsù àti bísíkíìtì. Kí ẹni tí kòkó tàbí pọ́n-ùn bá gbè ra nǹkan kéékèèké púpọ̀, kó yé ra ńlá kan. Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ ṣàánú gbé e lọ bá èèyàn nílé, àwọn alàgbà mọ ilé wọn. Kí òbí ra aṣọ kan, bàtà kan, kó sì rán ọmọ jáde pẹ̀lú àwo. N ò ní kí ẹ rán an lọ sọ́dọ̀ àjèjì. Ìyá Alákàrà ti kú, àmọ́ kò sí ojúde tí kò ní ẹni tí a mọ ìdílé rẹ̀: ìyá àgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó, Àlàájà òdìkejì, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tí kò rí owó ọkọ̀ lọ sílé. Kí ẹ tẹ̀ lé ọmọ bí ẹ̀rù bá ń bà yín. Èyí tó sì le jù fún àwa àgbàlagbà ni pé bí ọmọ ẹlòmíràn bá gbé àwo dé, kí a má dá a padà lófìfo. 200 náírà kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ní ti èmi, mo ti ra ìgàn ańkárá kan fún àwọn ọmọ agbo-ilé wa, ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ bá wọn wọ̀ ọ́ lè wá gé ọ̀pá mélòó kan ní iye tí mo rà á. Màá rán an tóbi, màá sì ká etí rẹ̀ sínú. N kò ní gba aṣọ ọmọdé kankan mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ dé lọ́jọ́ 20, kí ó wá télọ̀ tí kì í parọ́ lọ, bó bá rí ọ̀kan.